Ọjọ́ Tí Wọ́n Máa Ṣí Halny

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lẹ́yìn gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìṣeré Polany, tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ọlọ́mọ á bi mí, baba arúgbó á bi mí, fada tó kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ wá ṣeré á bi mí: "Genia, ọjọ́ wo lẹ máa ṣí Halny?" Èmi náà á ní n kò mọ̀. Wọ́n á wá wò mí bí ẹni pé abẹ́ àga mi ni mo tọ́jú ọjọ́ náà sí.

Halny ni ìjì tó máa ń já bọ́ láti orí òkè wa, tó ń ṣí òrùlé, tó sì ń mú kí ọkọ àti ìyàwó jà láìnídìí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ ìṣeré tuntun tí àwọn ọlọ́gbà ṣèlérí fún wa. Igi ni wọ́n máa fi kọ́ ọ̀nà rẹ̀ láti ilẹ̀ dókè. Ọkọ̀ náà yóò gun òkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́rìnlélógún nínú rẹ̀, yóò sì já wálẹ̀ bí ìjì yẹn gan-an. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́ ihò ìpìlẹ̀. Ọdún kejì, owó tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn dé, lẹ́yìn àrùn ni ilé iṣẹ́ tó fẹ́ rọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kógbá sílé. Ihò kún fún omi òjò, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì sọ ọ́ di ilé.

Àwọn ará ìlú wa, tí ẹnu wọn kì í sinmi, bá sọ ọ́ di àwàdà. Bí ìyàwó bá ní kí ọkọ òun wá tún àkàbà ṣe, ọkọ á ní, "Ọjọ́ tí Halny bá ṣí." Bí fada bá bi ọ̀mùtí ìgbà tó máa jáwọ́ nínú ọtí, ìdáhùn kan náà ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi dá olùkọ́ lóhùn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n mi ni àwàdà náà wá mú lẹ́sẹ̀. Apolonia lorúkọ rẹ̀, Pola ni à ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe èmi Genowefa ní Genia. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ogún ni. Bàbá wa jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kọ́ ilé onígi, kò bí ọkùnrin, nítorí náà Pola ló ń bá a gbé àáké. Kí ó tó mọ̀wé kà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn àáké gbá igi kí wọ́n sì tẹ́tí sí i. Igi tó le máa ń dáhùn, igi tí nǹkan ń ṣe máa ń gbé ohùn mì. Ohun tí ọgbà gbà á síṣẹ́ fún nìyẹn. Láràárọ̀, kí n tó ṣí wíńdò mi, yóò ti rin ojú ọ̀nà gbogbo ọkọ̀ ìṣeré tó wà níbẹ̀, òòlù kékeré lọ́wọ́, okùn ààbò nídìí, yóò gbá ibí, yóò gbá ọ̀hún, lẹ́yìn náà yóò fọwọ́ sí ìwé. Bí Pola kò bá fọwọ́ sí i, kẹ̀kẹ́ kankan kò ní yí lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ ààrẹ ló wá ṣeré.

Àwa méjèèjì kò lọ́kọ. Ilé bàbá wa là ń gbé, sítóòfù kan, tábìlì kan, àga méjì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Klemens Hyrczyk ló wá da omi rú. Òun ló ń wa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé àwọn ọmọdé yí adágún ọgbà ká, tí ewúrẹ́ pàápàá lè sáré kọjá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í pe ẹnikẹ́ni láìfi Pan, tí à ń pe ọkùnrin, tàbí Pani, tí à ń pe obìnrin, ṣíwájú orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, gbogbo wa wà ní yàrá oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, ọbẹ̀ kíkan wà níwájú wa. Klemens dìde lójú gbogbo wa.

Ó ní, "Pani Apolonia, mo ti rò ó dáadáa. Ṣé ẹ máa gbà láti fẹ́ mi?"

Ṣíbí wà lẹ́nu Pola. Jìnnìjìnnì mú un, mo rí i kedere, ohun tó sì máa ń bọ́ lẹ́nu gbogbo ìlú ló bọ́ lẹ́nu tiẹ̀ náà: "Ọjọ́ tí Halny bá ṣí, Pan Klemens."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, àfi Klemens. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Màá dúró." Ó jókòó, ó sì lá ọbẹ̀ rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Satidé ló ń lọ dúró létí ihò yẹn, tó ń wo àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Kò tún bi Pola ní ohunkóhun mọ́, Pola náà kò sọ nǹkan kan. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti kú síbẹ̀, inú mi sì dùn, kí n má purọ́.

Àṣé ọ̀rọ̀ kò kú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọgbà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n fa omi inú ihò gbẹ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé wa. Jędrzej Gałdyn, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wa, ni olórí wọn. N kò gbàgbọ́ títí mo fi fojú ara mi rí i. Igi ń gorí igi lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n ń kọjá lára wọn lọ́tùn-ún lósì, títí ó fi ga ju ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba àárín gbogbo igi yẹn kọjá wá sí ojú wíńdò mi, èmi á sì gbàgbé láti fún oníbàárà ní ṣéńjì. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, n kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí àáké ń dún nílé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn bíi ti bàbá mi lè ṣe nǹkan báyìí.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n kó àpò yanrìn sórí àga ọkọ̀ náà dípò èèyàn, wọ́n sì rán an lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ jáde. Ọkọ̀ gun òkè, ó dé ṣóńṣó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó já. Ilẹ̀ abẹ́ bàtà mi gbọ̀n. Igi gbogbo láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń hó, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ó gba inú àyà mi kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Jędrzej, tí èébú kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣí akoto rẹ̀ bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo wo Pola, omi wà lójú rẹ̀.

Wọ́n dá ọjọ́ wàyí: ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Wọ́n bẹ fada sílẹ̀ láti wá wọ́n omi mímọ́ sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo rí nǹkan fi dá àwọn oníbìínú ẹnu wíńdò mi lóhùn. Klemens ra kóòtù tuntun, gbogbo ọgbà sì rí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Pola sọ̀ kalẹ̀ láti orí Halny láàárọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀gá ọgbà, Pan Sikoń, sáré jáde láti ọ́fíìsì. "Kí ló dé, Pani Pola?"

"Kọ́nà kẹta. Kò dún bó ṣe yẹ kó dún."

"Báwo ló ṣe dún?"

"Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀."

Wọ́n pe ẹnjiníà. Ó dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀, ó lo wákàtí mẹ́ta lókè, ó ní dáadáa ni gbogbo nǹkan wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹ̀rọ wò ti fọwọ́ sí tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Pola tún gòkè, ó tún ní kò dún dáadáa. Ẹnjiníà tún dé lọ́sàn-án, kò rí nǹkan kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin. Kò sí ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ lè wà lórí ìwé àárọ̀ yẹn, Pan Sikoń kò sì láyà láti fi agídí kó ọmọ èèyàn sínú ohun tí Pola kọ̀. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé dé, Halny dúró gbagidi. Fada wọ́n omi mímọ́ sí ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Àwọn ọmọ ń sunkún níwájú gíláàsì mi, àwọn òbí wọn sì ń wò mí bí olè.

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹlẹ́ran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí nígbà tó ń wọn sọ́séèjì fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́n o, Genia. Igi kọ́ ló ń dún. Ọkọ ló ń sá fún."

"Gé sọ́séèjì rẹ," mo ní.

"Mò ń gé e. Ọdún mẹ́fà ni bàbá yẹn fi dúró. Bí Pola kò bá fẹ́ ẹ, kó sọ. Kí ló kan àwọn ọmọ wa?"

Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní, "Ó máa gbọ́ ohùn yẹn títí Klemens á fi kú ni." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo fi sọ́séèjì sílẹ̀ fún un, mo bá tèmi lọ.

Nílé, Pola jókòó sídìí tábìlì, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo bi í lọ́rọ̀ kan ṣoṣo. "Ṣé òótọ́ lo gbọ́ nǹkan?"

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ báwo?"

"Mo máa ń gbọ́ ọ. Màá dé kọ́nà yẹn, màá gbá a, á dáhùn lódì. Ẹnjiníà á ní kò sí nǹkan. Mo wá ń bi ara mi léèrè bóyá ọkàn tèmi ni mò ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Genia. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá gòkè, tí n kò bá fọwọ́ sí i, ara mi á fúyẹ́. Báwo ni mo ṣe máa fọkàn tán etí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí mo bá fọwọ́ sí i, tí nǹkan sì wà níbẹ̀, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló máa kú. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, tí kò sì sí nǹkan, irọ́ ni mò ń fi iṣẹ́ bàbá wa pa."

Ó yẹ kí n tù ú nínú. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó má fọwọ́ sí i mọ́ láé, kí àga wa máa jẹ́ méjì bó ṣe wà. Mo bu tíì sí kọ́ọ̀bù rẹ̀, mo dákẹ́. Ojú ń tì mí títí di òní nítorí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Klemens kan ilẹ̀kùn wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò tíì wọ ilé wa rí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò gbà láti jókòó.

"Pani Apolonia, n kò ní pẹ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni ẹ fi ṣe. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kàn wù mí láti dì í mú ni."

Pola ní, "Pan Klemens—"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo dá ọ̀rọ̀ yín padà fún yín. Pani Genowefa jẹ́rìí sí i. Bí Halny bá ṣí lọ́la, tàbí kò ṣí mọ́, kò sí ohun tó dè yín mọ́ mi. Ẹ kò ní rí mi níbẹ̀ pàápàá, màá wà nídìí ọkọ̀ àwọn ọmọ mi. Nítorí náà, ẹ lọ gbọ́ igi yẹn bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbọ́. Ohun tí ẹ bá sọ, èmi á gbà á gbọ́. Ó dàárọ̀ o."

Ó lọ. Pola dúró lójú kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí àga mi. 

Láàárọ̀, mo tẹ̀ lé e. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Pan Sikoń wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, tó ń yán, Jędrzej àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ mọ́yà, nítorí iṣẹ́ tiwọn ni Pola ń bà lórúkọ jẹ́. Pola gòkè. Láti ìsàlẹ̀ a ń gbọ́ òòlù rẹ̀: ó dún, ó dún, ó dún. Ó dé kọ́nà kẹta. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá dojú bolẹ̀, ó fi etí lé pákó, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnjiníà fi wo aago.

Ó dìde. Ohùn rẹ̀ le bíi ti bàbá wa. "Ẹ gbé irin tí a fi ń hú ìṣó wá. Ẹ bá mi ṣí pákó yìí."

"Pani, a ti wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́rin," ẹnjiníà ní.

"Ọ̀sán lẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá wọ̀n ọ́n nísinsìnyí tí ìrì wà lára rẹ̀."

Ẹnjiníà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ gòkè lọ bá a, wọ́n ṣí pákó òkè. Pákó mẹ́jọ ni wọ́n tò lé ara wọn lábẹ́ irin ọ̀nà yẹn, níbi tí orí wọn ti pàdé, àlàfo kékeré ló yẹ kó wà níbẹ̀ kí igi lè mí kí omi sì lè ṣàn kúrò. Kò sí àlàfo. Ohun tó wà níbẹ̀ ni igi tí wọ́n fá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí irun tí a dì, tí wọ́n fi òòlù kì wọlé dáadáa. Gbogbo ọmọ abúlé wa ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fi ń dí àárín igi ara ògiri ilé nìyẹn, kí òtútù má bàa wọlé. Ó ti mu ìrì yó, ó ti wú, ó ti ti pákó méjì kúrò lára wọn, ó tó ìbú ìka. Bí oòrùn bá mú un lọ́sàn-án, yóò tún súnkì, pákó á padà sáyè rẹ̀, ẹnjiníà á dé, kò ní rí nǹkan kan.

Ojú ẹnjiníà funfun. Kò yán mọ́.

Pola fà á yọ, ó mú un sọ̀ kalẹ̀ wá, gbogbo wa sì yíjú sí Jędrzej. Ọkùnrin àádọ́rin ọdún náà ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ Pola bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí.

"Àlàfo wà níbẹ̀," ó ní. "Mo rí àlàfo. Wọ́n ní ká fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín igi méjì, Pola? Bàbá rẹ ìbá gbá mi létí."

"Á gbá yín létí, òótọ́ ni," Pola ní. "Ibi mélòó lẹ dí?"

"Mọ́kànlá. Èyí tó hàn sí àwọn èèyàn nìkan. Mo fẹ́ kó dùn ún wò."

Kò sẹ́ni tó bú u. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ibi mọ́kọ̀ọ̀kànlá, tó fi ọ̀bẹ họ gbogbo rẹ̀ jáde, kò sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan ran òun lọ́wọ́. Wọ́n pààrọ̀ pákó tó ti yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹlẹ́ran fi sọ́séèjì ránṣẹ́ sílé wa láìgba kọ́bọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan tí kò sí ẹni tó pọ̀ nínú ọgbà, Pola sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Àṣà ọgbà wa ni pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tuntun, ní ìjókòó iwájú pátápátá. Pola kò lọ jókòó. Ó kọjá lọ sí etí adágún, ó dúró níwájú ọkọ̀ ojú irin kékeré.

"Pan Klemens, ẹ wá bá mi jókòó."

"Pani Apolonia, òyì máa ń kọ́ mi bí mo bá gun àga."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó wọ̀ ọ́, kóòtù tuntun lọ́rùn. Èmi ni wọ́n fi sẹ́yìn wọn. Mo ti wíńdò mi pa lákòókò iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ṣéènì ń ká lábẹ́ wa, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, kò kánjú rárá. Òrùlé ọgbà di kékeré. Mo rí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí ilé bàbá wa pẹ̀lú èéfín rẹ̀, mo rí odò, àti àwọn òkè ńlá lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ tí yìnyín ṣì wà lórí wọn. Àárín wọn ni mo gbé dàgbà, n kò sì mọ̀ pé wọ́n tóbi tó báyẹn. Òórùn igi tuntun ń ta sí mi nímú. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dè mí mọ́ àga.

Níwájú mi, Pola ń wo iwájú, kò yíjú.

"Ẹ ti dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pani Apolonia."

"Kò sí ohun tó dè mí."

"Kò sí."

"Ó dáa. Nísinsìnyí mo lè bi yín bí ẹni tó wà lómìnira. Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

Ṣéènì dákẹ́. A wà ní ṣóńṣó, kò sí nǹkan kan níwájú wa àfi òfuurufú. Mo gbọ́ tí Klemens fa èémí, lẹ́yìn náà ilẹ̀ yọ kúrò lábẹ́ wa.

N kò lè sọ bó ṣe rí, ẹ má bi mí. Mo mọ̀ pé mo ké. Mo mọ̀ pé igi ń hó lọ́tùn-ún lósì, pé a já, a gòkè, a tún já, pé a gba kọ́nà kẹta bí omi ṣe ń gba inú gọ́tà, igi yẹn sì dáhùn, ohùn rẹ̀ mọ́. Láàárín ariwo yẹn mo gbọ́ ọ, èmi tí n kò gbọ́ igi rí láyé mi. Ó yé mi ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn.

Bíréèkì mú wa. Ọkọ̀ dúró. Klemens funfun bí ẹ̀fun, kò lè sọ̀rọ̀. Pola ń dúró. Ọdún mẹ́fà ló fi jẹ́ kí ọkùnrin yìí dúró, ojú rẹ̀ wá dà bíi ti ọmọdé tó ń dúró de ìdáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Klemens ní nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde. "Láti òkè yẹn ni mo ti ń sọ ọ́. Ariwo ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Pola bú sẹ́kún. Èmi tí mo ti ń fẹ́ kí ọjọ́ náà má dé mọ́, mo na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, mo di èjìká rẹ̀ mú. N kò mọ ẹni tí n óò máa bu tíì fún láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí ju ṣóńṣó yẹn lọ. Ṣùgbọ́n n kò yọ ọwọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ tiẹ̀ lé e, ọwọ́ líle tó kún fún àpá òòlù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní ká bọ́ sílẹ̀, pé àwọn èèyàn ń dúró.